Àwọn Adìẹ Olórùka Búlúù

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì, níbí ní Àkúrẹ́, ló kó adìẹ mẹ́wàá wá sí ẹ̀yìnkùlé mi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìdin gbígbẹ lè mú adìẹ sanra ju oúnjẹ adìẹ tí à ń rà lọ́jà lọ.

Ìdin o! Mo ní, "Àbúrò mi, ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ yìí lòun máa fi jáde, àti pé àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìjù ń retí àbájáde rẹ̀.

Ó so òrùka pupa mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ márùn-ún, ó so búlúù mọ́ ti márùn-ún yòókù, ó fi nẹ́ẹ̀tì pín ilé wọn sí méjì. Ó wá ń ka ìwé kan fún mi, pé mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tán kí n tó fọwọ́ sí i. Ọmọ mi ń fa ọmú, ẹ̀wà ń jóná nínú ilé. "Ó yé mi, ó yé mi," mo fọwọ́ sí i.

Kò yé mi. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni pé olórùka pupa á jẹ ìdin, olórùka búlúù á jẹ ti ọjà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe da ìdin sílẹ̀ fún àwọn pupa, àwọn búlúù tò sídìí nẹ́ẹ̀tì, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wò mí. Èyí tó kéré jù tiẹ̀ ń forí gbá nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà mí! Nílé wa, ẹja kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́rin ló ń pín in jẹ. Mo wẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lójoojúmọ́ títí iṣẹ́ fi parí. Mo tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pariwo.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà wá wọ̀n wọ́n, gbogbo wọn rí rọ̀bọ̀tọ̀ bákan náà. Ó tún wọ̀n wọ́n. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀n wọ́n.

"Àǹtí, ìdin ò wúlò nìyẹn. Bí mo ṣe máa sọ fún àwọn àgbẹ̀ náà nìyẹn."

Mo ní, "Àwọn búlúù jẹ ìdin."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí i jẹ?"

"Èmi ni mo fún wọn."

"Àǹtí! Kí ló dé?"

"Wọ́n ń wò mí!"

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó di orí mú. Mo ní, "Ṣé o ò kàn lè dín ti búlúù kù nínú ìwé ni? Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀, Àǹtí. Àgbẹ̀ tó bá fi irọ́ mi bọ́ adìẹ ńkọ́?"

Ojú tì mí. Ó ní òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti àkọ́kọ́ bàjẹ́, òun á sì tún un ṣe, bí mo bá gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ìwé náà tán, mo sì béèrè bóyá ebi ń pa àwọn búlúù. Ó ní rárá, oúnjẹ wọn tó wọn, wọ́n kàn ní ojúkòkòrò ni.

Ó kó mẹ́wàá mìíràn wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ọkọ mi dé láti Oǹdó, wọ́n dúró ti nẹ́ẹ̀tì.

"Ìyàwó, àwọn wọ̀nyí ń tọrọ o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tọrọ, Mà."

"Háà! Ṣé bóo ṣe ń ṣe ọmọ mi náà nìyẹn?"

Wọ́n na ọwọ́ sí abọ́ ìdin. Mo já abọ́ gbà, mo sá wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Màmá ń kàn án, èmi àti ìdin wà nínú ilé.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọ̀n wọ́n, àwọn pupa fi díẹ̀ sanra ju àwọn búlúù lọ. Díẹ̀ náà ló kọ. Mo ní kó fi èènì kékeré kan sí i. Ó yọ awò ojú, ó wò mí.

Mo ní eré ni mò ń ṣe.