Kọ́kọ́ Kí Wọn Ná

Ẹ má bi mí pé ta ló jẹ̀bi. Èmi ni. Ẹni tó bá fẹ́ tù mí nínú, kó gbé ìtùnú rẹ̀ máa lọ, n kò bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ pátákó ló ń ṣe. Òun ló ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, sára mọ́tò, sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, Oníbúrọ́ọ̀ṣì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Háà, ó lọ́ra! Tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, á wò ó, á sún sẹ́yìn, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, á tún wò ó, kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Tí mo bá pariwo lé e lórí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Tó bá ti kan pátákó, ó kàn án nìyẹn." Ogójì ọdún ló ti ń bá iṣẹ́ náà bọ̀, n kò sì tíì rí lẹ́tà tó ṣì kọ.

Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyàwó wa ti kú. Wọn ò bímọ. Àwọn méjèèjì náà ni wọ́n jọ wà, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ìyàwó wa á ní, "Ọkọ mi, tí n bá ní kí ẹ kọ orúkọ mi, wọ́n á ti sin mí kí ẹ tó parí ẹ̀." A ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá kú lóòótọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni àbúrò mi fi kọ orúkọ náà sára òkúta orí sàréè rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń lọ jókòó ti orí rẹ̀, tó ń ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, kó wá ẹlòmíràn fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba lẹ ìwé mọ́ gẹ́ètì itẹ́-òkú. Ọ̀nà tuntun fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn òkú náà lọ síbi tuntun. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n da òkú èèyàn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọn óò hú tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn óò gbé òkúta rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá ní kí wọ́n má ṣe é, inú kòtò kan náà ni wọn óò kó gbogbo wọn sí.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì tó dojú kọ ilé ìfìwéránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ fọ́tókópì kan tó ń bá mi ṣe orogún, fáànù kan tó ń pariwo ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ. Aago mẹ́ta ku díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì náà ni àbúrò mi wọlé, ọ̀dà búlúù ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ kí n bá a tẹ̀ ẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní í gbà wá. Ó kọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi kọ ọ́."

Mo bá a ṣí ìkànnì náà, mo bá a fi nọ́ńbà sàréè àti páásíwọọ̀dù wọlé, mo fà á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo padà wá yọjú wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó ti kọ nìyí: "Ìyàwó mi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni." Ó parí. Ó kù kó tẹ "Fi ránṣẹ́" ni o.

Ẹnu mi yìí ló bà á jẹ́. Mo ní, "Ah-ah! Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyí? O ò kí ẹnikẹ́ni, o kàn já wọ ilé onílé, o ń sọ ohun tó o fẹ́! Ìjọba lò ń bá sọ̀rọ̀ o. Kọ́kọ́ kí wọn ná. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò."

Ó wò mí. "Ṣé ẹ rò bẹ́ẹ̀?"

"N kò rò ó. Mo mọ̀ ọ́n ni."

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú mi ló ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé ìwé olójú-ewé igba dé, ẹ̀rọ fọ́tókópì náà sì há ìwé mọ́ ọ̀fun. Mo gbàgbé ara mi sídìí rẹ̀, mo ń bú u, mo ń fa ìwé yọ lérépé lérépé. Mo mọ̀ pé ìkànnì yẹn máa ń ti ènìyàn síta tí ogún ìṣẹ́jú bá pé. Ó ti ti oníbàárà mi méjì síta lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Mo mọ̀. N kò rántí sọ fún un.

Òun ń kí wọn lọ ní tirẹ̀. Ó kí alága, ó kí àwọn òṣìṣẹ́, ó kí ẹni tó ń wa katakata. Ó ní wọ́n kú iṣẹ́ ìlú, ó ní ọ̀nà tuntun náà á tù wá lára. Ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí ikú aya. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Ní ti ìyàwó mi," ni ojú kọ̀ǹpútà bá funfun báláú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lọ o."

Mo sáré débẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù lójú kọ̀ǹpútà náà: "Àkókò yín ti pé. A ti gba ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣeun." Mo tún wọlé. Ìkànnì náà ní sàréè yẹn ti ní ìwé tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ ọ́. Mo pe fóònù ọ́fíìsì wọn títí ọwọ́ fi ro mí, ó ń dún ni, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, àyè ìkọ̀wé náà pòórá.

Lọ́jọ́ Ajé, a gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Bó ṣe rí nọ́ńbà náà, ṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Háà, Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́! Ọ̀gá wa kà á sétí gbogbo wa. Nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò bínú sí wa."

Mo kúnlẹ̀, èmi tí orúnkún mi ò ṣe é tẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo sunkún. Ó ní wọ́n ti kó orúkọ àwọn tí kò lòdì sí i fún àwọn agbaṣẹ́ṣe láti òwúrọ̀.

Àbúrò mi ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ sọ ọ́ ni."

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ò sọ ọ́ níbí, sà."

Lórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ mi mú kí n má baà ṣubú. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó tilẹ̀ gbá mi létí, ǹ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ fẹ́ kó dáa ni." Láti ọjọ́ náà, mi ò gbádùn oorun mọ́.

Wọ́n fi páànù yí itẹ́-òkú ká, wọn ò jẹ́ ká wọlé. Nígbà tí wọ́n mú wa dé ibi tuntun náà, sìmẹ́ńtì gbọọrọ kan la bá nílẹ̀, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Irinwó ènìyàn lé méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi bi ọlọ́dẹ ibẹ̀ pé apá ibo ni ìyàwó òun wà.

Ọlọ́dẹ náà ní, "Bàbá, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

Ó ṣì ń lọ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Mo tẹ̀ lé e lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé kò jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó ti sún síwájú níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní tí òun bá ń sún díẹ̀díẹ̀ báyìí, ọjọ́ kan á wà tí òun á jókòó ti orí rẹ̀. Ó ní òun ò kàn ní mọ̀ pé ọjọ́ náà ni.