Obì fún Ará Jámánì

Mo ní àwo orin mẹ́fà tí ará Jámánì kan fi tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ṣe, gbogbo èyí tó ṣe láyé rẹ̀. Òórùn páálí wọn máa ń gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Ìlobù. Àbúrò bàbá mi, tó ń fọn tọ́ńpẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ olórin kan ní Ìfọ́n, pàdé òyìnbó náà ní Òṣogbo, ó sì mú un wálé kí bàbá àgbà lè yọ̀ǹda kí ó tẹ̀ lé e lọ sí Jámánì.

Bàbá àgbà fún àlejò ní obì. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín láìlanu, ó fi í sápò.

“Ẹni tí kò jẹ obì mi ni kí n fa ọmọ lé lọ́wọ́?”

“Ẹ má bínú, bàbá. Ó ń ṣọ́ eyín ni, nítorí iṣẹ́ rẹ̀,” ni àbúrò bàbá mi dáhùn.

Ìyá àgbà, tí kò léyín mọ́, bu díẹ̀ fún àlejò nínú obì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rin fún un lórí páànù. Ó jẹ ẹ́ tán.

“O ti rí ẹgbẹ́,” ni bàbá àgbà sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Àlejò wá gba tọ́ńpẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi, ó gbé e sí igun ẹnu lápá òsì, ó rọra fọn ún. Ó dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Ẹ̀yìn páálí àwo kẹfà ni mo ti kà á, nígbà tí mo dàgbà, pé eyín iwájú rẹ̀ ti jábọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Bá a lọ. Ẹni tí yóò máa fọn ún fún un ló ń wá.”