Kúlúsúmù àti Idẹ Ilé Bàdírù

Ẹni tó bá wọ agbo ilé Bàdírù ní Ẹ̀pẹ́ láyé ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ló ti máa rí Kúlúsúmù, lórí àpótí, tó gbé abọ́ idẹ sáàárín ẹsẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún tí ọkọ̀ ogun Òyìnbó yìnbọn lu Èkó, tí ọba sá, òun àti Súbérù ọkọ rẹ̀ bá ẹbí ọkọ gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú oyún nínú. Ìyá rẹ̀ kò lè bá wọn wá, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni ibà pa Súbérù. Ó wá ku Kúlúsúmù àti Sèlíátù, ọmọ rẹ̀, lábẹ́ òrùlé Bàdírù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ohun tí Bàdírù rí kó jáde nílé bàbá rẹ̀ kò ju idẹ lọ: àwọn abọ́ ńlá, bùútà àlùwàlá, àti fìtílà kan. Ó máa ń sọ pé, "Lọ́jọ́ tí a bá padà sí Èkó, idẹ yìí ló máa ṣáájú wa. Kò gbọdọ̀ dúdú."

Atẹ́gùn ọ̀sà kì í sì í jẹ́ kí idẹ sinmi. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lónìí, kó tó di Jímọ̀ mìíràn á ti ṣú, gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti yọ àwọ̀ ewé. Kúlúsúmù ló mọ̀ ọ́n fọ̀. Á kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú fọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Á da omikan orí ògì sí i, á jẹ́ kó rin díẹ̀. Lẹ́yìn náà á la ọsàn wẹ́wẹ́, á tẹ̀ ẹ́ bọ eérú kúnná, á máa fi í ra á títí dúdú náà á fi bọ́. Idẹ á máa kọ mànà, ṣùgbọ́n ọsàn á ti wọ gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ ti sán.

Nígbà tí ọ̀nà ọ̀sà là fún òwò, Rọ̀kíbátù, tó ń ra ẹní ní Ẹ̀pẹ́ lọ tà l'Ékòó, mú ìròyìn wá. "Kúlúsúmù, ìyá rẹ kò ríran mọ́. Ó ní tí mo bá rí ọ, kí n di ọwọ́ rẹ mú fún òun."

Kúlúsúmù kúnlẹ̀ fún Bàdírù. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, kí n padà."

"Ìyàwó, àwọn tó lé wa jáde ló wà níbẹ̀. A ò ní í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí gbogbo wa bá ń lọ lo máa lọ."

Kò sí atukọ̀ tó máa gbé ìyàwó ilé Bàdírù láìgbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Kúlúsúmù ń wo ọ̀sà, ó dà bí ẹni pé ògiri ni wọ́n mọ síbẹ̀.

Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́, tí Bàdírù ti pe àwọn àgbà Èkó tó wà ní Ẹ̀pẹ́ wá jẹun, Kúlúsúmù kó idẹ sílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Àpínkẹ́, ìyàwó Bàdírù, gbìyànjú. Ó rẹ abọ́ kan sínú omikan di ọjọ́ kejì. Abọ́ náà bàjẹ́, ó pọ́n bí bàbà.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Bàdírù bi Kúlúsúmù.

"Ẹ ń bọ́ mi, ẹ ń daṣọ bò mí. Ìyá mi ni mo fẹ́ rí."

Bàdírù nawọ́ sí idẹ náà. "Fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún, kí o lọ. Ṣùgbọ́n Sèlíátù ò ní í tẹ̀lé ọ."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Ìjì mú kí ọkọ̀ wọn yà ní Ìpakòdó, èbúté Ìkòròdú, kí wọ́n tó dé Èkó. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ pa á, ó tún fọwọ́ pa á.

"Ọwọ́ ta nìyí? Ọwọ́ ọmọ mi kò le báyìí."

"Èmi ni, ìyá mi."

Arúgbó náà bú sẹ́kún. "Dúró tì mí. Má padà mọ́."

Bí Kúlúsúmù bá dúró, ó pàdánù ọmọ. Bó bá lọ, ó pàdánù ìyá. Ó ṣe oúnjẹ fún un, ó wẹ̀ ẹ́, ó di irun rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ń ṣí, ó wọ̀ ọ́. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó rọ̀, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn Òyìnbó wá gbà kí àwọn tó sá lọ padà sí Èkó, ẹrù sì kún èbúté. Ṣùgbọ́n Bàdírù ti kọ́lé sí Ẹ̀pẹ́, àwọ̀n rẹ̀ ń pẹja, ọmọ rẹ̀ ti kún ilé. Ó ní òun ò lọ mọ́.

"Ìwọ lè máa lọ, ìyàwó," ó wí. "Mú Sèlíátù dání."

"Ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ, ẹ̀yin ọkọ mi?"

Kúlúsúmù jáde lọ sí èbúté, ó ń wo àwọn ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbéra. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ juwọ́ sí i, kò dá a mọ̀, ó juwọ́ padà. Nígbà tó yá, Sèlíátù wá pè é pé ebi ń pa òun. Ó tẹ̀lé ọmọ náà, ó lọ dáná.