Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Funfun Pa: Leonard Threlfall, àti Ìgò Ọ̀dà Tèmi

Leonard Threlfall kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Fleetwood. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni. Ìlà mẹ́rin ni ìwé ìròyìn ìlú náà fi ròyìn rẹ̀: ó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ràn ọgbà rẹ̀, ó fi ọmọbìnrin kan sáyé lọ, kí ẹnikẹ́ni má mú òdòdó wá síbi ìsìnkú. Mo ka ìlà mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, nítorí pé èmi jẹ́ ẹni tó máa ń bẹ̀rù pé òun ti fo nǹkan. N kò fo nǹkan kan. Àwọn ló fò ó.

Wọn kò sọ pé ọkùnrin yìí ló ya Jack Farlow.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn kékeré tiwa yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ìwé àwòrán àtijọ́ jọ sínú pálọ̀ títí ìyàwó yín fi ń halẹ̀, ẹ mọ Jack Farlow. Láti ọdún 1958 sí 1962, ojú ìwé méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú Stalwart, ìwé àwòrán àwọn ọmọdé: ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi tí kì í fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán, tí kì í sì í rì. Ọ̀sẹ̀ igba ó lé méjìlá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa ní Stockport, bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ kà á. Á ní òun kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dára fún ọmọdé. Ìyẹ̀wò náà máa ń gba wákàtí kan gbáko, tíì rẹ̀ á sì tutù lórí tábìlì.

Kí ló dé tí a kò fi mọ orúkọ ẹni tó yà á? Ṣé ojú ń ti ayàwòrán náà láti kọ ọ́ ni? Rárá o. Ó ń kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sí igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé náà ní London, tó ti wọlẹ̀ tipẹ́, gba akọ̀wé kan tó ní ìgò ọ̀dà funfun kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á jókòó, á máa fi ọ̀dà pa orúkọ àwọn ayàwòrán rẹ́ kí ojú ìwé tó lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ mìíràn má baà fa ayàwòrán àwọn lọ ni. Wọ́n tún ní kí àwọn ọmọdé lè gbà pé òótọ́ ni Jack Farlow wà. Ẹ gbọ́ o: wọ́n pa ẹni tó wà láàyè rẹ́ kí ẹni tí kò sí lè wà. Ṣé èyí kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí?

Mo ti ń bínú sí i láti nǹkan bí ogójì ọdún. Mo mọ ìbínú í bí. Mo ti bú akọ̀wé ọlọ́dà yẹn nínú ìwé ìròyìn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún; Geoff Entwistle, olóòtú wa, ló ka iye rẹ̀. Ìbínú náà dùn mọ́ mi, ó ń mú ara mi gbóná ju iná ìdáná lọ. Ohun tí n kò sọ fún yín rí, nítorí pé èmi náà kò mọ̀, ni pé mo ní ìgò ọ̀dà tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.   

Iṣẹ́ tí àwọn kan nínú wa yàn láàyò ni láti mọ ẹni tó ya àwòrán tí kò ní orúkọ. Etí inú àwòrán la fi ń mọ̀ ọ́n, àti bàtà, àti bí aṣọ ṣe ń ká níbi ìgúnpá. Olúkúlùkù ayàwòrán ló ní etí kan tó máa ń yà fún gbogbo èèyàn, láti orí ọba dé orí olè. Doreen, ìyàwó mi, kò rí ìwúlò rẹ̀.

"Maurice, ogójì ọdún lo ti fi ń wo etí ọkùnrin inú ìwé," ló wí lọ́jọ́ kan. "Etí tèmi ńkọ́? Ìgbà wo lo wò ó gbẹ̀yìn?"

"Etí rẹ dára," ni mo dá a lóhùn.

"Dijú, kí o sọ irú yẹtí tí mo fi sí i."

Mo ní wúrà ni. Kò fi yẹtí kankan sí i.

Bí ojú mi ṣe mú tó nìyẹn, ẹ sì fi mí ṣe ògbóǹtarìgì. Ní ọdún 1987 mo tẹ àkójọ kan jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyàwó mi: ta ló ya kí ni nínú Stalwart, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo yín lẹ ní in. Níwájú Jack Farlow, mo kọ Rex Hallam sí ọ̀sẹ̀ igba ó lé méjìlá. Ìdí ni pé ojú ìwé kan wà, ti oṣù kẹjọ ọdún 1960, tí orúkọ yọ ní igun rẹ̀: R. Hallam. Mo gbà pé akọ̀wé ọlọ́dà lọ fún ìsinmi lọ́sẹ̀ náà, ó na ara sórí iyanrìn ní Southport. Orúkọ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ igba ó lé méjìlá! Mo fò sókè, mo fi orí gbá pẹpẹ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyókù. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kù, àtàǹpàkò Jack Farlow fẹ̀, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ bíi ti ẹni tó ti fa okùn rí. Gbogbo kókó okùn inú àwòrán náà ló ṣe é ta lóòótọ́. Mo fi okùn tí Doreen fi ń sá aṣọ dán an wò. Àmọ́ lọ́sẹ̀ oṣù kẹjọ yẹn, àtàǹpàkò rẹ̀ dà bíi sọ́séèjì, wọ́n sì so ọkọ̀ abẹ́ omi mọ́ èbúté bí ìgbà tí ọmọdé bá so okùn bàtà. Ẹ má rò pé n kò rí i. Mo rí i dáadáa. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Ó jọ pé ara Hallam kò yá lọ́sẹ̀ yìí."

Ní ọdún 1994, obìnrin kan tó ń jẹ́ Brenda Threlfall kọ lẹ́tà sí mi láti Fleetwood. Ó ní bàbá òun ló ya Jack Farlow, pé ǹjẹ́ mo lè fi orúkọ rẹ̀ sí àkójọ mi. Lẹ́tà kúkúrú ni, ó kún fún ọ̀wọ̀. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo fi fèsì. Mo ṣàlàyé etí fún un. Mo ní ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń pa irú ìtàn báyìí láti fi dá ọmọ lára yá, pé kó má bínú sí tirẹ̀. Mo fi ẹ̀dà ojú ìwé tí Hallam buwọ́ lù sínú àpò ìwé náà, mo sì lẹ síńtáǹpù tó yá jù lọ mọ́ ọn, kí òtítọ́ má baà pẹ́ lọ́nà.

Wọ́n ní àgbà tí kò nítìjú, ojú kan ni ìbá ní. Méjì ni mo ní. Etí ni mo ń fi méjèèjì wò.

Geoff ló kọ́kọ́ rí ìlà mẹ́rin inú ìwé ìròyìn Fleetwood, ló bá pè mí.

"Maurice, Threlfall. Ṣé kì í ṣe orúkọ obìnrin tó kọ̀wé sí ọ nígbà kan nìyẹn?"

"Ta ló kú?"

"Bàbá rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni."

"Ṣé o rí i! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì!" ni mo wí, inú mi sì dùn. Ẹ dárí jì mí. Ìdùnnú náà kò pẹ́ tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo bá ará Fleetwood kan sọ̀rọ̀, ó ní apẹja ni bàbá tiẹ̀," ni Geoff wí. "Ọmọ apẹja, ní Fleetwood. Ta ló máa mọ kókó okùn ta jù ú lọ, ìwọ bàbá olókùn aṣọ?"

Mo wá àga, mo jókòó.

Mo kọ̀wé sí Brenda láti tọrọ àforíjì, ó ní kí n máa bọ̀. Ní ọjọ́ náà mo padà sílé lẹ́ẹ̀mejì láti wò bóyá mo pa iná gáàsì, síbẹ̀ mo ṣì dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà dé Blackpool, àti nínú tíráàmù dé Fleetwood, mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sórí. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Kò pariwo mọ́ mi, èyí ló sì dẹ́rù bà mí jù.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Habgood. Ẹ̀yin lẹ kọ ojú ìwé mẹ́ta."

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára o. Ohun tó kọ ni kò dára."

Ó gbé tíì síwájú mi, ó sì gbé agolo bisikíìtì kan wá. Mo na ọwọ́ sí i. Kò sí bisikíìtì nínú rẹ̀. Àwòrán ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà sẹ́yìn àjákù bébà ara ògiri: etí Jack Farlow, etí tí mo mọ̀ ju ti ìyàwó mi lọ, àti kókó okùn lóríṣiríṣi. Lábẹ́ wọn ni odindi ojú ìwé kan wà, tí àwọn London dá padà nítorí pé ẹja inú rẹ̀ bani lẹ́rù jù. Ní igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ọ̀dà funfun wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti há apá kan rẹ̀ kúrò. Mo gbé awò mi jáde, mo kà á: L. Thr.

"Èmi ni mo fi èékánná há a, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje," ni Brenda wí. "Dádì ní kí n fi èyí tó kù sílẹ̀."

"Kí nìdí?"

"Ó ní kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ẹnìkan ló kùn ún."

Lẹ́yìn náà ló fa ẹ̀dà tí mo fi ránṣẹ́ sí i yọ, ti Hallam.

"Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí mi nìyẹn. Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí ìbí mi, Dádì ò kúrò ní ọsibítù. Rex, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bá a ya ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Rex mọ̀ pé òun ò mọ ọwọ́ yà. Ló bá kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀, ó sì bẹ akọ̀wé pé kó jọ̀ọ́ kó má pa á rẹ́, kí wọ́n má baà rò pé Dádì ló ya ìránù bẹ́ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo ti ń tún un sọ fún ara mi láti ìgbà náà. Ọkùnrin olóòótọ́ kan buwọ́ lu iṣẹ́ burúkú kan kí ó má baà ba orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èmi, ògbóǹtarìgì, mú ìbuwọ́lùwé náà, mo fi gba gbogbo iṣẹ́ rere lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí Hallam ya nǹkan, èmi ní ara rẹ̀ kò yá!

"Ṣé bàbá yín rí lẹ́tà mi?" ni mo bi í. Mo ń gbàdúrà pé kó ní rárá.

Ìsàlẹ̀ agolo ló ti mú un jáde. Wọ́n ti ká a, wọ́n ti tú u, títí ojú ìká rẹ̀ fi ń ya.

"Ó kà á. Ó kà á léraléra ni. Ó ní, 'Brenda, kò sí olóòtú tó wo iṣẹ́ mi fínnífínní tó báyìí rí. Ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin yìí rí mi.'"

Mo ká lẹ́tà náà, mo dá a padà sí ìsàlẹ̀ agolo. 

Ìgbà tí a bá kú là ń dère, ni àwọn àgbà wí, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Threlfall ti kú, kò sì tíì dère. Ilé iṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ Stalwart ń múra láti tẹ gbogbo Jack Farlow sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún ló máa wọ ẹ̀rọ. Mo ti rí ẹ̀yìn ìwé náà: "Àwòrán láti ọwọ́ Rex Hallam." Mo kọ̀wé sí wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ti fi ọ̀rọ̀ náà wé àkójọ tí gbogbo ayé tẹ́wọ́ gbà, tí Ọ̀gbẹ́ni M. Habgood ṣe ní 1987, àwọn kò sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Mo tẹ̀ wọ́n láago. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e.

"Èmi ni Habgood yẹn," ni mo wí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àkójọ yín wà níwájú mi báyìí. A máa ń lò ó gan-an."

"Kò tọ̀nà. Ẹ jù ú nù."

"Àmọ́ sà, ẹ̀rí wo lẹ ní tó lè borí ti ògbóǹtarìgì?"

Doreen, tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn mi, ní láti di etí ọpọ́n mú kó má baà ṣubú fún ẹ̀rín.

Ta ni ká wá mú? Akọ̀wé á ní ọ̀gá òun ló rán òun. Ilé iṣẹ́ tuntun á ní àkójọ ni àwọn tẹ̀ lé. Gbogbo wọn ló ní bébà tí wọ́n á fi bo ara. Ó wá kan ẹni tó kọ bébà náà, n kò sì rí ẹni tí n ó sá sẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ilé iṣẹ́, ẹ dá ẹ̀rọ yín dúró. Brenda ti fi ẹ̀dà ojú ìwé ìdí agolo yẹn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fi ojú wò ó dípò àkójọ. Ẹ kọ Leonard Threlfall sí iwájú ìwé, kì í ṣe sórí tákàdá pélébé kan tí yóò já bọ́ kí ẹni tó rà á tó délé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Rex Hallam, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Ìwé ìròyìn Fleetwood náà jẹ òkú yìí ní gbèsè ìlà karùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ní àkójọ mi nílé, ẹ mú yíǹkì, kì í ṣe pẹ́ńsù, kí ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà kí ọgbọ̀njọ́ yẹn tó pé. Wọn kò gbọ́ tèmi, bóyá wọ́n á gbọ́ tiyín. Geoff, jọ̀ọ́, tẹ lẹ́tà mi ti 1994 jáde lódindi, ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan ti ń sọ fún mi pé kí n kàn kọ ọ́ pé "àṣìṣe kan wáyé." Ta ló ṣe é? Ṣé afẹ́fẹ́ ni? Maurice Habgood ló ṣe é. Ẹ tẹ orúkọ yẹn sí igun ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ní yíǹkì dúdú, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀dà kàn án. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ ti Leonard sókè.