Ọjọ́ Tí Wọ́n Wọn Ìyá Aránṣọ

Gbogbo àdúgbò wa ni Ìyá Aránṣọ ti fi okùn wọn. Ó máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn òun fúnra rẹ̀? Ìyẹn ni kò bá a lára mu.

Ilé ìwòsàn ló ń wá àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti ń yẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn kan ní eré ìdárayá, kí àwọn yòókù máa gbé ayé wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi ìhà kan wé èkejì, bóyá eré náà ń dín ìṣubú kù. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí oníkálukú ṣe rí: ọjọ́ orí, ìwúwo, bó ṣe ń dìde lórí àga, bóyá ó ń dá gbé.

Ìyá yìí ń dá gbé, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bó bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ òun ló ń bọ̀.

"Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo," ni ìyá fi dá a lóhùn.

Àgbàlagbà ò fẹ́ tẹ́. Ó ti ń fi àga yàrá rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde láìdi nǹkan mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n, ó tún gbé oògùn ìrora mì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní kó dìde lórí àga, ó fò dìde bí ọmọge. Ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín mà le o!" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé ẹ ti ṣubú lọ́dún yìí?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o."

"A dúpẹ́. Àmọ́ àwọn tó ti ṣubú nìkan la fẹ́ gbà. Ẹ lè máa lọ sílé."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti ìyá wa kò tilẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ eré ìdárayá náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa gbé e kiri inú ilé rẹ̀. Bó bá sì sọ òótọ́, ọmọ rẹ̀ á gbọ́, ilé á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi.

"Mo ṣubú," ló sọ jẹ́jẹ́. "Nínú balùwẹ̀. Oògùn ni mo sì lò tí mo fi dìde bẹ́ẹ̀ yẹn."

Nọ́ọ̀sì ní kó padà wá lọ́jọ́ míì, láìlo oògùn. Ìyá kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ó dáa. Kí n lọ máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́."

"Ẹrù wo? Ta lẹ rò pé ó nu ẹ̀jẹ̀ ara ògiri balùwẹ̀ yẹn?" Omi ti lé ròrò sójú ọmọ. "Mo ti mọ̀ látọjọ́ náà, Màámi. Pé ẹ wà nílẹ̀ tí ẹ ò pè mí, ìyẹn ló ń dùn mí."