Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tó Fẹ́lẹ́ Jù

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ni èèpo ẹ̀gẹ́ ìyá kan láti Ìpetumodù kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ aago náà nítorí èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe epo ọkọ̀ níbẹ̀; sítáàṣì inú èèpo ló ń di epo. Iṣẹ́ mi ni láti wọn sítáàṣì náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò ní gba ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ẹrù tí ìyá náà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo tíì wọ̀n. Mo fura pé ó ti ń po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ mi ò ní ẹ̀rí. Mo wọkọ̀ lọ bá a.

Obìnrin márùn-ún ló jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí wọ́n á bó ti ẹnì kan, lọ́la ti ẹlòmíràn. Mo mú èèpo kan nílẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí bébà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló bó ti àkọ́kọ́?" ni mo bi ìyá náà.

"Àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wá lo ọlidé ni. Wọ́n ń gé ẹ̀gẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ igi. Ojú tì mí láti fi irú èèpo bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."

"Irú ẹ̀ gan-an la fẹ́, mà. Ara ẹ̀gẹ́ tó bá èèpo lọ ni sítáàṣì."

Ẹni tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́, akọ̀wé ní kí á máa bó ẹ̀gẹ́ bí ìyàwó ọ̀lẹ."

"Kí ni màá wá fi ṣe gàrí?" ni ìyá náà bi mí. "Ọmọ mi, ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ èyí o."

Mo padà sí Ifẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé kò sẹ́ni tó ṣe màgòmágó. Mo ní kí á máa po èyí tó fẹ́lẹ́ mọ́ èyí tó nípọn. Ó ní òun á rò ó. Ẹrù ìyá náà tó tẹ̀ lé e dé kó tó rò ó tán. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì; ó ṣì kéré, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo buwọ́ lu ìwé èsì náà. Mi ò lè sọ bóyá ó dùn mí. Mo lọ jẹun ọ̀sán.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dé láti Ìpetumodù. Àpò mẹ́rìndínlógún ló kó. Mo ka orúkọ tó wà lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìyá náà kò sí níbẹ̀.