Ewé Tí Charity Fi Ọ̀bẹ Họ

Láti ìgbà tí Charity ti di opó ni ó ti ń ṣe púpurú ní Erinje. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi kan, yóò fún un, yóò mọ ọ́n roboto, yóò sì gbé e sórí àjà iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò fi ọ̀bẹ họ dúdú yẹn kúrò kí funfun inú tó yọ. Iṣẹ́ yìí ni ó fi rán Vivian, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ilé ìwé, títí ọmọ fi rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà lọ sí orílẹ̀-èdè Ṣáínà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin ará Okitipupa kan tó ti Ṣáínà dé já ẹrù kan sílẹ̀ fún un. "Ọmọ yín ló ní kí n gbé e fún yín, mà." Kò jókòó, ọkọ̀ ń dúró dè é. Charity tú bébà tí wọ́n fi wé ẹrù náà. Ohun tó bá nínú rẹ̀ dúdú, ó le, ó sì rí pẹrẹsẹ bí ìdérí ìkòkò kékeré. Ó gbé e símú: òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

"Àrìnkẹ́!" ó ké sí aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan náà. "Wá wò ó o! Àwọn ará Ṣáínà náà ń ṣe púpurú!"

Ó tẹ́ àpò mímọ́ sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ó họ títí, kò rí funfun. Ó yí i padà, ó họ ẹ̀yìn. Dúdú. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, nǹkan náà ti ku ìdajì, ìyókù ti di ẹbu lórí àpò.

"Ó ti jẹrà dénú ni," Àrìnkẹ́ wí. "Gbé e jù nù, ká gbàdúrà."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí fóònù fi dún.

"Ìyé mi, ṣé tíì yín ti dé?"

"Tíì wo? Púpurú dúdú ni mo rí, mo sì ti họ ọ́ dé ìdajì."

"Ẹ ti ṣe kí ni?" Igbe Vivian dé etí Àrìnkẹ́. "Ìyé mi, ewé tíì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni! Ọdún tí ẹ bí mi ni wọ́n ṣe é. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!"

Charity jókòó wùyà sórí àpótí. Ewé! Ewé tí èèyàn já, tó fi pamọ́ títí ọmọ fi dàgbà! Ní Erinje, ẹ̀fọ́ àná gan-an, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Vivian ní bí irú ewé bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń pẹ́ tó ni adùn rẹ̀ ń jinlẹ̀ tó. Olùkọ́ òun, Bàbá Chen, ló tọ́jú rẹ̀ sílé láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí bàbá náà gbọ́ pé ọdún yẹn ni wọ́n bí Vivian, ó ní kí wọ́n gbé e fún obìnrin tó bí i.

Charity kúnlẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ gbá ẹbu náà jọ.

Bí Vivian ti ń wí ni ó ń ṣe: ó da omi gbígbóná lé díẹ̀ lórí, ó da omi àkọ́kọ́ nù, ó tún da òmíràn. Ó pọ́n bí àgbo. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Charity ti fún ojú pọ̀ de kíkorò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ gẹ́rẹ́ lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀yìn tó gbé e mì tán ni adùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Àrìnkẹ́, ṣé o fi ṣúgà sí i ni?"

"Èmi kọ́ o!" Àrìnkẹ́ ka Sáàmù díẹ̀ sínú ife tirẹ̀, ó mu ún. Ó tún na ife náà síwájú.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, Vivian pè lórí fídíò, Bàbá Chen lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Kí Charity tó rí ọ̀rọ̀ sọ, bàbá náà dìde, ó tẹrí ba fún un.

Jìnnìjìnnì mú Charity. Ẹni tó tó bàbá rẹ̀! Ó kúnlẹ̀ gbì, bàbá náà tún tẹ̀ sílẹ̀ sí i, Charity fi ìgbọ̀nwọ́ kanlẹ̀, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sọ fún wọn," ó wí láti ilẹ̀, "pé mo fi ọ̀bẹ họ ọ́."

Vivian túmọ̀ rẹ̀. Lójijì bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Wọ́n ní ọ̀bẹ ni àwọn náà fi ń ṣí i. Wọ́n ní ṣé ó dùn?"

"Ó dùn," Charity dáhùn, ó mú fóònù nílẹ̀. "Ó dùn, Bàbá. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ṣì ń bà mí."